Bàtà Awakọ̀ Òfurufú Tí Mo Lọ Rà ní Ìlú Ajọra

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ máa ń sọ lábẹ́ ahọ́n bí mo bá ti kọjá, òótọ́ ni. Ìlara ni. Kì í ṣe ìfẹ́ ìlú, kì í ṣe ìgboyà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́ lójú àlá. Bàtà oníbàtà ni mo rí tí oorun fi dá lójú mi, tí mo fi gbé àpò kọ́ èjìká, tí mo gbé ìbọn, tí mo wọ igbó tí bàbá tó bí mi kò wọ̀ rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti sùn oorun ikú, ẹnu mi sì ti gba òmìnira. Mo ti jẹ́wọ́ o. Kí ẹni tí ó ń fi ìgúnpá gún ẹnìkejì rẹ̀ lọ́hùn-ún dáwọ́ dúró. Ẹ sún wọ inú ibòji díẹ̀ sí i, oòrùn ọ̀sán kò mọ àgbà.

Èmi ni Ògúnmọ́dẹdé, ọdẹ tí ó fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì: ọta ba èkíní, èkejì gbọ́ orúkọ ẹni tó yìnbọn, àyà rẹ̀ já, ó kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn, kí ó lọ bi ẹfọ̀n náà léèrè. Ní ìlú wa, Ìdí-Ahùn, ọdẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dárúkọ mọ́ tèmi: Ọdẹ́gbàmí, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọ̀gá kan náà ni ó kọ́ wa níṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni a fi jọ jẹ, tí a jọ mu, tí mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá mi, nítorí pé n kò rí ohun kan tí ó ní tí èmi kò ní.

Àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti ogun Bọ́mà dé.

Ọmọkùnrin náà gbé òyìnbó kan jáde nínú iná níbẹ̀, òyìnbó tí ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun, òyìnbó náà sì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Òun náà gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàtà ńkọ́! Ó ga dé orúnkún. Awọ rẹ̀ pọ́n bí obì tó gbó. Irun àgùntàn funfun kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó tún yọ jáde lókè bí irùngbọ̀n arúgbó. Síìpù kan ti ọrùn ẹsẹ̀ gùn dé òkè, bí ó bá fà á, a dún ṣìììrì. Ìgbànú wẹ́wẹ́ méjì sì wà lára rẹ̀ tí irin wọn ń kọ mànà. Wọ́n ní òtútù ojú sánmà ni wọ́n ṣe é fún. Ní Ìdí-Ahùn, níbi tí aláǹgbá pàápàá ti ń sá wọ ibòji, Ọdẹ́gbàmí wọ irun àgùntàn sẹ́sẹ̀, òógùn ń kán tó, tó, tó ní orúnkún rẹ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀run bọ̀.

Àwọn obìnrin tí ń pọnmi lódò a máa kí i pé, "Ẹ káàbọ̀ láti òkè o, ọkọ ẹyẹ!"

Òun náà a ní, "Òkè tutù o, ẹ̀yin aya wa." Ẹni tí kò gun igi ìbẹ́pẹ rí láyé rẹ̀!

Àyọ̀ká, ìyàwó mi, ni ó fi ata sí ojú egbò náà. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, Ọdẹ́gbàmí kọjá, ó kí i, Àyọ̀ká sì wò ó títí tí ó fi yí kọ́nà.

"Bàbá Ọdẹ́yínká," ó ní, "ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ti di ohun mìíràn o."

Mo ní, "Ìyá Ọdẹ́yínká, ìka márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, bíi tèmi."

"Ta ló ń wo ìka? Bàtà là ń wí."

"Ooru ń pa á nínú ẹ̀."

"Kí ooru máa pa èèyàn, kó ṣáà ti yẹ ẹ́. Tiyín tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí látàárọ̀, ta ló wò ó?"

 Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpasẹ̀ Ọdẹ́gbàmí káàkiri. Bí ó bá lọ sóko, mo tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá lọ wẹ̀ lódò, mo dúró ti bàtà rẹ̀ lẹ́yìn igi bí ọlọ́jà tí ń ṣọ́ igbá. Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, mo ka ìlà abẹ́ bàtà náà lójú iyẹ̀pẹ̀: mọ́kànlá ni. Mo ka ìṣó gìgísẹ̀ rẹ̀: mẹ́sàn-án. N kò ka eyín ìyàwó mi rí.

Àsìkò yìí gan-an ni Olúọ́dẹ wa papò dà. Ipò rẹ̀ ṣófo, èmi àti Ọdẹ́gbàmí nìkan ni ó tọ́ sí. Baálẹ̀ pè wá, ó ní ẹkùn kan ń kó ewúrẹ́ ìlú jẹ. Ẹni tí ó bá pa ẹkùn náà nínú àwa méjèèjì ni Olúọ́dẹ. Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, ẹkùn ni ì bá wá lọ. Èmi kọ́. Mo jókòó, mo rò ó: bí mo bá pa ẹkùn náà, tí mo gun orí àpótí Olúọ́dẹ tèmi ti ẹsẹ̀ lásán, tí Ọdẹ́gbàmí wá jókòó sí ìsàlẹ̀ tòun ti bàtà, ta ni ìlú yóò máa wò? Oyè tí ènìyàn jẹ tí ojú kò kúrò lára ẹlòmíràn, oyè wo nìyẹn? Mo ní n ó kọ́kọ́ ní irú bàtà náà ná. Bí mo bá wọ̀ ọ́ tán, ẹkùn yóò kú fún ìtìjú.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ pé ìlú kan ń bẹ lẹ́yìn Igbó Tèmi-Ń-Kọ́, Ìlú Ajọra ni orúkọ rẹ̀, tí kò sí ohun ayé kan tí wọn kò lè ṣe ìbejì rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kọrí sí. Mo sọ fún Àyọ̀ká pé ẹkùn ni mo ń lọ pa. Ó ní, "Ẹ máa rọra o, ẹ má jẹ́ kí Ọdẹ́gbàmí kọ́kọ́ rí i." Ṣé ẹ rí irú àdúrà tí wọ́n fi sìn mí?

Bí mo ti wọ Igbó Tèmi-Ń-Kọ́ ni mo mọ̀ pé ilé mi ni mo wọ̀. Ìrókò ibẹ̀ ń kùn pé òun kò ní èso bí igi òro. Òro ń kùn pé òun kò ga bí ìrókò. Koríko ń bú àwọn méjèèjì. Odò ibẹ̀ kì í ṣàn tààrà, ó ń yí ojú wo odò kejì ni, ó sì ń kọlu òkúta. Mo ń lọ láàárín ariwo náà nígbà tí ilẹ̀ mì, tí iwin kan yọ sí mi, ọrùn rẹ̀ méjì, orí rẹ̀ méjì, ikùn rẹ̀ ẹyọ kan.

Orí ọ̀tún ké pé, "Ọdẹ, dúró! Èmi ni n ó jẹ ọ́."

Orí òsì ní, "Irọ́ ni! Ìwọ lo jẹ ẹni àná. Tèmi ń kọ́?"

Àyà mi kò já. Àyà tèmi kì í já, ó máa ń jókòó sílẹ̀ díẹ̀ ni. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin àgbà, ṣebí ikùn kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ?"

Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni wo ọ̀dọ̀yọ̀. Orí òsì ní, "Ikùn ló mọ ìyẹn. Ọ̀fun ta ló gbà kọjá?"

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí n ó ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún orí ọ̀tún, mo ní, "Mo júbà o, arẹwà orí, orí tí etí rẹ̀ gún régé ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ." N kò tíì dìde tí orí òsì fi gé etí náà jẹ. Ọ̀tún gé imú òsì jẹ. Wọ́n ń jẹ ara wọn, ikùn kan náà ni ó sì ń gba gbogbo rẹ̀, ó ń wú, ó ń gbà wọ́n láyè. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ, ohun tó kù lára orí òsì yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

"Ọdẹ," ó ní, "mo mọ̀ ọ́. Ọmọ ìyá wa ni ọ́. Ìwọ ni orí kẹta."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò.

Ẹnu ibodè Ìlú Ajọra ni mo ti bá ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Ẹ̀yìn ni ó kọ sí mi tí ó fi ń wò mí. Ó ní ẹni tí kò bá mọ àlọ́ òun kò ní wọlé, ẹni tí kò bá sì wọlé kò ní padà.

"Àlọ́ o!" ó ní.

"Àlọ̀!"

"Kí ni ó ń sùn sílé ara rẹ̀ tí ó ń jí sílé aládùúgbò?"

"Ojú onílara ni, ìyá."

"Ta ni kò ṣàìsàn tí ó ń rù, tí kò jẹun tí ó ń sanra?"

"Onílara náà ni. Aládùúgbò rẹ̀ ń jẹ, òun ń rù. Ilé aládùúgbò rẹ̀ jó, òun yó."

Arúgbó náà mi orí. "Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ni ó ti kú sẹ́nu ibodè yìí, àwọn kan sì rò ó fún ọjọ́ mẹ́fà. Ènìyàn kì í yára dáhùn báyìí àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Wọlé, ọmọ mi, o ti dé ilé."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín níbí, mo mọ ohun tí ó wà nínú ilé aládùúgbò rẹ̀.

Ìlú Ajọra! Ojú mi rí nǹkan. Ilé tí wọ́n kọ́ láàárọ̀ ni wọ́n ń fi èéfín kùn lọ́sàn-án kí ó lè dà bí ilé baba ńlá wọn. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sójúde, wọ́n ń fi eérú funfun pa irun, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń wúkọ́ àgbà. Obìnrin kan ń fi ọ̀bẹ ha etí odó tuntun, ó ní òun fẹ́ kó jọ èyí tí ìyá ìyá òun fi gúnyán. Mo bi í pé níbo ni ìyá ìyá náà wà. Ó ní wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́.

Mo rántí òwe àwọn bàbá wa, mo pa á fún un: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo òpópónà náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Wọ́n ní, "Àlejò, ẹni tó pa òwe yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa ni. Àkísà ni iṣẹ́ wa." Wọ́n sì júwe ilé Ṣebíogbó, iwin aránbàtà, fún mi.

Ọwọ́ mẹ́rin ni iwin yìí ní. Ọwọ́ méjì ń rán ohun tuntun, ọwọ́ méjì ń sọ ọ́ di ogbó. Ọwọ́ kò sì bínú sí ọwọ́. Mo kí i, mo ní bàtà awakọ̀ òfurufú ogun ni mo wá rà, irú ti Ọdẹ́gbàmí.

Ó ní, "Èyí tí ó jọ ọ́ ni o fẹ́, àbí èyí tí kò yàtọ̀?"

"Èyí tí kò yàtọ̀! Kí àgùntàn tó ni irun rẹ̀ má lè dá wọn mọ̀."

"O mú àwòṣe dání?"

"Rárá."

"Kò sí wàhálà. Wo ojú mi." Ó fi ọwọ́ kan gbá mi lágbọ̀n mú, ó fi èkejì ṣí ìpéǹpéjú mi, ó ń wo inú ojú mi bí ẹni tí ń wo inú kànga. "Hẹ̀n-ẹ́n. Òun nìyí. Ìgbànú méjì, síìpù kan, àlébù kékeré kan lápá òsì níbi tí iná gbé jó o. Ẹni tó ni nǹkan kì í mọ̀ ọ́n tó báyìí. Ẹni tó ń jowú nǹkan ni kì í gbàgbé ìṣó kan nínú ẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ń kọ́?"

"Ìlà mọ́kànlá. Ìṣó mẹ́sàn-án."

"O káre. Ẹsẹ̀ ta ni kí n wá fi wọ̀n ọ́n? Tìrẹ kéré."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní, "Tirẹ̀ ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bàtà mi kéré sí ti Ọdẹ́gbàmí."

"Yóò máa mì lẹ́sẹ̀ rẹ."

"N ó ki òwú bọ̀ ọ́."

Ṣebíogbó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ méjì gé awọ, wọ́n rán an, wọ́n ki irun àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ bọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ ṣì ń rùn tútù. Bàtà náà jáde, ó ń dán, mo na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Sùúrù. Kò tíì jagun." Ọwọ́ méjì tó kù gbà á. Wọ́n wọ́ ọ lórí òkúta, wọ́n fi iná jó o lápá òsì, wọ́n fi igi lù ú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ibi tí orúnkún máa ń tẹ̀ ẹ́. Lójú mi báyìí ni wọ́n fún bàtà náà ní gbogbo ogun tí kò jà. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí Ọdẹ́gbàmí nínú rẹ̀.

Mo bi í pé èló ni. Ó gbé igbá kékeré kan síwájú mi. "A kì í gba owó níbí," ó ní, "àwa náà ń ṣe owó. Ohun kan tí a kò lè ṣe ìbejì rẹ̀ ni òótọ́. Sọ ẹyọ kan sínú igbá yìí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, yóò dún."

Kí ló tún rọrùn tó ìyẹn? Mo ní, "Èmi Ògúnmọ́dẹdé fi ọta kan pa ẹfọ̀n méjì."

Igbá dákẹ́. Èéfín díẹ̀ rú jáde níbẹ̀.

"Ẹfọ̀n kan ni," mo ní. Èéfín rú. "Ó ti fara gbọgbẹ́ kí n tó dé ibẹ̀." Igbá mì díẹ̀.

Ṣebíogbó ní, "Ìyẹn kò tó ra okùn bàtà. Sọ èyí tó wà nísàlẹ̀."

"Bàtà Ọdẹ́gbàmí wù mí."

"Ó kù."

"Ó wù mí ju oyè Olúọ́dẹ lọ."

"Ó kù."

Mo wo ilẹ̀.  Ẹ̀yin èèyàn, mo ti dojú kọ erin, mo ti bá òjòlá jìjàkadì lábẹ́ omi, ẹ má bi mí pé òjòlá wo. Kò sí èyí tó le tó ọ̀rọ̀ tó wà lọ́fun mi yẹn. Mo ní, "Bí bàtà náà bá jóná lónìí, n kò ní wá irú rẹ̀ mọ́. Inú mi yóò dùn. N ó sì lọ jókòó ti Ọdẹ́gbàmí, n ó bá a kẹ́dùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú."

Igbá dún: *kò!* bí ìgbà tí òkúta bọ́ sínú ìkòkò.

"Ìyẹn ni owó bàtà," ni Ṣebíogbó wí. "Wọ̀ ọ́ kó pẹ́."

Mo wọ̀ ọ́. Mo fa síìpù, ó dún ṣìììrì, bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo rìn yí ilé Ṣebíogbó ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹsẹ̀ mi jinná nínú rẹ̀ bí iṣu inú ìkòkò. Òwú tí mo kì bọ̀ ọ́ mu òógùn títí ó fi ń sọ̀rọ̀: mo gbé ẹsẹ̀ kan, ó ní *fọ̀*, mo gbé èkejì, ó ní *fọ̀*. Gbogbo ẹran igbó ni ó gbọ́ mi tí ó sá lọ. N kò bìkítà. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi nìkan. Mo ń wò bí Ọdẹ́gbàmí yóò ti la ẹnu sílẹ̀, bí àwọn obìnrin odò yóò ti dà wá pọ̀ mọ́ra wa, tí wọn kò ní mọ ẹni tí wọn ó kọ́kọ́ kí.

Ó ku díẹ̀ kí n jáde sí oko Ìdí-Ahùn nígbà tí igbó dákẹ́. Mo gbọ́ ohun tí ń rá lẹ́yìn mi. Òórùn àgùntàn tútù tó wà lẹ́sẹ̀ mi ni ó fà á wá: ẹkùn náà, arẹwà ẹran, tó ti jẹ ewúrẹ́ ìlú títí ó sú u, tí ó ń fẹ́ fi àgùntàn pa ẹnu rẹ̀ dà. Kò wo ojú mi rárá. Bàtà ni ó ń wò. Òun náà! Ẹsẹ̀ mi mì nínú bàtà, n kò lè sáré. Ó fò. Mo yìnbọn láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì wó lulẹ̀, imú rẹ̀ kan orí bàtà mi. Ẹ gbọ́, èyí kì í ṣe ẹfọ̀n. Bí igbá Ṣebíogbó bá wà níbí, yóò dún.

Mo jó yí òkú náà ká. Bóyá mo jó ju bó ti yẹ lọ. Ilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ òfin wa fún yín. Ní Ìdí-Ahùn, ẹnu ọdẹ kì í jẹ́rìí ẹkùn. Àwọn bàbá wa mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Nígbà kan rí, ọdẹ méje ni ó jẹ́wọ́ ẹkùn kan ṣoṣo, odò ni ó sì gbé ẹkùn náà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá pa ẹkùn yóò fi ewé bò ó lójú, yóò yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, yóò jókòó, yóò sì pa ẹnu mọ́. Àwọn àgbà ọdẹ ni yóò lọ wo ilẹ̀. Ilé ẹni tí ilẹ̀ bá dárúkọ ni wọn yóò gbé ìrù ẹkùn lọ. Ẹni tí ó bá la ẹnu pé òun ni, tàbí tí ó bá wọn jiyàn lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò gba ìbọn rẹ̀ títí ayé.

Mo fi ewé bò ó. Mo yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi, nítorí n kò fẹ́ kí ìlú rí bàtà náà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọjọ́ oyè ni mo fẹ́ kí wọ́n rí i.

Àyọ̀ká rí ẹsẹ̀ mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Bàbá Ọdẹ́yínká! Ẹ ti jí bàtà Ọdẹ́gbàmí?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ẹ̀yin lẹ yìnbọn yẹn? Ẹ̀yin lẹ pa á?"

Mo fi ìka kan ètè. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún ìyàwó mi láìfi iyọ̀ sí i, òfin kò gbà. Ṣùgbọ́n ó rí ojú mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olúọ́dẹ, ẹ kú oríire." Ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu erùpẹ̀ ara bàtà náà, ó ní ó yẹ mí ju ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti pa ẹran púpọ̀. N kò jẹ ẹran tó dùn tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀ ni mo gbọ́ orin àwọn ọdẹ tí ń bọ̀ láti òde oko. Mo dìde nínú yàrá, mo fa síìpù sókè, mo tún òwú inú rẹ̀ tò. Orin náà ń sún mọ́. Ó dé kọ́nà. Ó dé ojúde wa, ó dúró láàárín ilé méjèèjì. Mo di ilẹ̀kùn mú. Mo ní kí wọ́n pe orúkọ mi ná, kí n tó yọ.

Wọn kò pè é. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn kọ sí ilé mi. Ọdẹ́gbàmí, tí òun náà ti inú igbó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, jáde sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó wò wọ́n, ó wo ìrù ẹkùn, ó ya ẹnu bí ẹni tí yóò béèrè nǹkan. Lẹ́yìn náà ó rántí òfin, ó pa ẹnu náà dé, ó sì wo ilẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba bí ọmọlúwàbí.

Baba Akínrìnmádé, àgbà tí kò tíì ṣi ipasẹ̀ kan kà láti ogójì ọdún, tí erùpẹ̀ ṣì wà lórúnkún rẹ̀ níbi tó ti kúnlẹ̀ wo ilẹ̀, gbé ìrù náà sókè, ó sì ka ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fún ìlú: ojú ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó yí òkú ẹkùn náà ká, ìlà mọ́kànlá, ìṣó mẹ́sàn-án ní gìgísẹ̀, bàtà Ọdẹ́gbàmí.